Agolo Tó Wà Lẹ́yìn Iyọ̀

Òórùn awọ tó ń jóná ni alágbàfọ̀ kan kọ́kọ́ gbọ́, kó tó mọ̀ pé ìka òun ni. Bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn: yóò fi itọ́ ra ìka, yóò fi ìka náà kan ìdí áyọ́ọ̀nù fìrí, bó bá ti gbóná tó, ìka á sọ fún un. Lọ́jọ́ yìí, ìka kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e síbẹ̀, ó ń retí, títí èéfín tín-ín-rín fi yọ.

Gígúnrégé ni àwọn oníbàárà ń pè é, nítorí ìlà tó bá fi áyọ́ọ̀nù fà sí ṣòkòtò, àfi bí ẹni fi rúlà fà á. Ọwọ́ náà ló fi ń bọ́ ìyàwó àti ọmọ. Àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ìka àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń ṣe é bí ẹni pé èèrà ń rìn níbẹ̀. Ahọ́n ń ta á. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tó ń sáré gùn tẹ́lẹ̀, ògiri ló ń dì mú gùn ún báyìí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni àyàfi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin: ẹnì kan ń fi nǹkan sí oúnjẹ òun.

Gígúnrégé kì í jẹ ẹran. Aṣọ iṣẹ́ àwọn apẹran ló ń fọ̀ nígbà kan, tí omi báàfù máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kan ó délé, wọ́n gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, kò lè gbé ẹran náà mì. Láti ọjọ́ náà ló ti ní òun ò jẹ ẹran mọ́, òun ò jẹ ẹja, òun ò jẹ ẹyin, òun ò mu mílíìkì. Àwọn ará àdúgbò fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí wọ́n so ewúrẹ́ wọn mọ́lẹ̀ kó má baà bá a du ewé. Àwọn mìíràn ní ó ti wẹgbẹ́. Kò ká a lára, nítorí ara rẹ̀ le, ikùn rẹ̀ sì fà mọ́ra.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń se ìkòkò méjì láti ọdún bíi mélòó kan wá, ti ọkọ lọ́tọ̀, ti ilé lọ́tọ̀. Kò ráhùn rí. Ohun tó sì jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í fura nìyẹn.

Ó ní, “Àbúrò mi, obìnrin wo ló ń se ìkòkò méjì tí kì í ráhùn? Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.”

Láti ìgbà náà ni Gígúnrégé ti ń ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó rí i pé bó bá ń ro ọbẹ̀ ẹ̀pà òun, ẹ̀yìn ló máa ń kọ sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ òun, á yára dé nǹkan. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí obìnrin náà jáde, ó tú ilé ìdáná wò. Lẹ́yìn iyọ̀ ló ti rí agolo kan tí wọ́n ti ya bébà ara rẹ̀ dànù. Ìyẹ̀fun funfun ló wà nínú rẹ̀, ó ti lọ sí ìdajì.

Ó dá a padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ obìnrin náà mọ́. Búrẹ́dì lásán, ìrẹsì funfun àti tíì dúdú ló ń tọ́jú fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí ìyàwó bi í ìdí tí kò fi jẹun mọ́, ó ní òùngbẹ ló kàn ń gbẹ òun. Ìyàwó náà wá ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú, ó ń rò ó pé ìkòkò obìnrin mìíràn ló ti ń jẹun. Báyìí ni àwọn méjèèjì ń sùn lórí ibùsùn kan, tí oníkálùkù ń ṣọ́ èémí ẹnì kejì.

Ara Gígúnrégé kò sì yá. Kàkà kó sàn, ńṣe ló ń le sí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní májèlé náà ti wọ eegun ni.

Nígbà tí ìka wá jóná tán, ó bu ìyẹ̀fun náà sínú áńkáṣíìfù, ó gba ilé ìlera lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jókòó sí pálọ̀, ó ń dúró. Ohun tí wọ́n jọ fẹnu kò sí ni pé bí àyẹ̀wò bá ti jáde, kí obìnrin náà di ẹrù rẹ̀.

Ó tú áńkáṣíìfù sórí tábìlì nọ́ọ̀sì àgbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Inú ilé mi ni ẹni tó ń fún mi jẹ wà.”

Nọ́ọ̀sì kò fi rẹ́rìn-ín. Ó di ìka tó jóná náà fún un, ó sì ní kó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù. Obìnrin náà dé pẹ̀lú bàtà tí kò bára mu lẹ́sẹ̀. Bó ṣe rí ìyẹ̀fun yẹn, ó bu omi sí ife, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, ó sì mu ún tán kí ẹnikẹ́ni tó lè dá a dúró.

Ó ní, “Mílíìkì ni. Ẹ̀ ń rù níṣojú mi, ẹ ò sì gbọ́. Mo ya bébà ara rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀.”

“O mọ̀ pé mi ò fẹ́ ẹ, o sì ń fún mi jẹ.”

“Mo mọ̀.”

Nọ́ọ̀sì dá sí i. Ó sọ fún ìyàwó pé ìyẹn ò dáa. Ohun tí ènìyàn máa jẹ, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀ ọ́n. Bí mílíìkì bá sì jẹ́ ohun tí ara rẹ̀ kọ̀ ńkọ́? Ó wá yíjú sí ọkọ, ó bi í ní ohun tó ń jẹ. Gígúnrégé dárúkọ búrẹ́dì, ìrẹsì àti tíì. Ẹ̀wà ńkọ́? Ó ní ó ń pẹ́ lórí iná. Ewébẹ̀ ńkọ́? Ó mirí.

Ó ti ń fura báyìí pé bóyá nọ́ọ̀sì náà àti ìyàwó òun ti jọ sọ ọ́. Ó bi í bó bá fẹ́ kí òun padà sídìí ẹran ni.

Nọ́ọ̀sì ní, “Mi ò ní kí ẹ jẹ ẹran. Ẹran tí ẹ ò jẹ kọ́ ló ń bá yín jà, ohun tí ẹ ò fi rọ́pò rẹ̀ ni.”

Ó ṣàlàyé fún wọn pé èròjà kan wà tí wọ́n ń pè ní fítámì B12, inú ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì ló wà, kò sí nínú ewé àti ọkà. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára. Ara lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ṣíwọ́ ẹran kì í tètè mọ̀. Bó bá tán, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú, ahọ́n á máa ta, kódà ọkàn lè dàrú, kí ènìyàn máa bínú, kó máa fura. Ó ní àìsàn mìíràn, bí ìtọ̀ ṣúgà, lè pa ìka bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò ní fi ojú lásán dá a mọ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Èsì jáde: kì í ṣe ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ kò tó, B12 náà sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Dókítà bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ fún un.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbà bọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé mílíìkì ni, ó ní kí wọ́n gbé agolo náà wá, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Gígúnrégé ní kó má ṣèyọnu, ìyàwó òun kò ní di ẹrù kankan.

Ìka rẹ̀ padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò padà tán, nítorí ó pẹ́ kó tó wá. Ìkòkò ṣì jẹ́ méjì, ẹran kò wọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó kò kọ ẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà mọ́ tó bá ń ro ọbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fi ẹran sílẹ̀, tàbí tí ẹ ń rò ó, kò sí ẹni tó ní ẹ̀ ń ṣe ohun tó burú. Ara lè le láìsí ẹran. Ṣùgbọ́n búrẹ́dì àti tíì kọ́ ni wọ́n fi ń rọ́pò rẹ̀. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà àti ewébẹ̀ dúdú. Ẹ jẹ ọsàn mọ́ oúnjẹ, kí èròjà irin inú oúnjẹ náà lè wọ ara, kí ẹ sì jẹ́ kí tíì dúró di ẹ̀yìn oúnjẹ dáadáa, nítorí ó máa ń dí irin náà lọ́wọ́. Ẹni tí kì í jẹ ẹyin tí kì í mu mílíìkì, kó bi dókítà léèrè oògùn B12 tó yẹ kó máa lò. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú àti àwọn ọmọdé kò gbọdọ̀ fi èyí falẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tí ẹ ń se oúnjẹ, ẹ má fi nǹkan pamọ́ sí abọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sọ ọ́ jáde. Bí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ bá sì ń kú, ilé ìlera ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó wá ẹni tí ẹ máa dá lẹ́bi nínú ilé. Iṣan tó bá ti bàjẹ́ tán kì í gba ẹ̀bẹ̀.