Wajdi Oníbọ́tìnì

Olfa ń fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì ẹ̀rọ kan bí ẹni ń tẹ kòkòrò pa. Ìbòrí rẹ̀ aláwọ̀ ewé ti yẹ̀ sẹ́yìn, òógùn ń ṣàn létí rẹ̀, síbẹ̀ gbogbo ojú ló ń wò ó tí kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ṣe nílé ìwòsàn ọmọdé kan ní ìlú Sfax, lórílẹ̀-èdè Tùnísíà. Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí àwọn ìkókó ló gbé wá síbi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ìlú ti ń pàdé lọ́sàn-án Sátidé.

"Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ kó lè jí lójú oorun, ṣe ló ń kú pátápátá! Wèrè wo ló kọ ètò bọ́tìnì yìí ná?"

Ọkùnrin gíga kan tó ń fi búrẹ́dì jẹ ata harissa nu ẹnu rẹ̀. "Wèrè náà rèé, arábìnrin. Wajdi ni wọ́n ń pè mí."

Ojú ti Olfa, àmọ́ ẹ̀rín ni Wajdi ń rín. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń tọ́jú ètò kékeré náà nínú ọkàn kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò ìpìlẹ̀ tí àwọn ẹ̀rọ káàkiri ayé ń lò, èyí tó ń sọ fún ẹ̀rọ pé ẹnì kan ti tẹ bọ́tìnì. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún un. Bí ó bá bàjẹ́ níbikíbi láyé, òun ni wọ́n ń kọ̀wé sí.

Wọ́n jọ jókòó tì í títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Títẹ̀ tó jí ẹ̀rọ náà kì í parẹ́. Bó bá ti lajú, á rò pé wọ́n tún ní kóun kú. Olfa ló kọ ìlà tuntun kan sínú ètò náà tó pa títẹ̀ náà rẹ́. Wajdi yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tó ń lo ètò náà.

Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà wọn kò dá lórí bọ́tìnì mọ́. "Ọ̀gá Oníbọ́tìnì, ṣé o ti jẹun?" "Mo ń dúró de ohùn rẹ ni, àyànfẹ́ mi."

Nígbà tí Wajdi wá sọ pé òun fẹ́ fẹ́ Olfa, bàbá Olfa, Mongi, tó fi ọgbọ̀n ọdún tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe, pòṣé. "Ọdún mẹ́fà lórí bọ́tìnì kan! Kó lọ wá iṣẹ́ gidi kó tó padà síbí."

Kò pẹ́, obìnrin kan kọ̀wé láti Brazil: látìgbà tí ìlà tuntun náà ti dé, ẹ̀rọ òun kò gbọ́ títẹ̀ kankan mọ́. Wajdi yọ ìlà náà kúrò, ó sì kọ̀wé sí gbogbo àwọn tó ń lo ètò náà: "Èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi mi ni."

Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà Olfa lọ́jọ́ náà, iná ti ń jó lójú ọmọbìnrin náà.

"Ta ló ní kí o ru ẹ̀bi mi? Èmi ni mo kọ ọ́!"

"Ó yẹ kí n dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn, Olfa."

"Mo ti kọ̀wé sí wọn pé èmi ni!"

"Sí gbogbo ayé?"

"Sí gbogbo ayé!"

Bàbá Mongi jáde tòun ti ife tíì lọ́wọ́. "Kí lẹ bà jẹ́ gan-an?" Bí wọ́n ṣe ń rojọ́, kálukú ń fa ẹ̀bi sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Bàbá jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Nínú ọkọ̀ tiwa, bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹlòmíràn la máa ń nàka sí. Mi ò rí irú yín rí. Ṣé ó ṣeé tún ṣe?"

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá."

"Ẹ wọlé wá tún un ṣe nígbà náà."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é, tí wọ́n ń dán an wò lórí oríṣi ẹ̀rọ mẹ́rin. Èsì dé láti Brazil: ó ń sùn, ó ń jí, ó sì ń kú nígbà tí mo bá ní kó kú. Nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì jí ẹ̀rọ mọ́kàndínlógún. Kò sí ìkankan tó kú. Olfa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó mí kanlẹ̀, omijé àti ẹ̀rín sì dà pọ̀ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn òbí Wajdi wá sílé Bàbá Mongi, wọ́n sì ka Fátíhà lé Olfa àti Wajdi lórí láti fi ṣe àdéhùn ìgbéyàwó. Wọ́n gbé kúskúsì, oúnjẹ àlìkámà tí wọ́n fi ẹja sí, kalẹ̀.

"Àyà ẹ ṣì ń já?" Wajdi bi Olfa kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Rárá o. Ebi ló ń pa mí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí oúnjẹ ò ti wù mí jẹ."

Wajdi ti ẹja tirẹ̀ sí iwájú rẹ̀. Bàbá Mongi rí i. Ó mú ibi tó dára jù nínú ẹja tirẹ̀, ó sì gbé e sí iwájú Wajdi.