Ẹsẹ̀ Òsì Ò Níṣẹ́ Níbí

"Tẹ̀ ẹ́! Táyà, tẹ̀ ẹ́!"

Táyà tẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ pupa kékeré náà bú, ó sì fò síwájú lórí títì gbọọrọ tó wà lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ òsì tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó fa jíà, ó tú ẹsẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ náà sì dá a lóhùn bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ láti àárọ̀.

"Ẹ rọra o! Tèmi ṣì ni ọkọ̀ yìí!" Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn. Ó ká ara rẹ̀ jọ sórí ìjókòó tóóró tó wà níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án lágbọ̀n. Gbàádánwò ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kò sí oníbàárà tó wọ ọgbà rẹ̀ tí kì í sọ fún pé, "Gbà á, dán an wò. Ojú nìkan kì í ra ọkọ̀."

Gíláàsì, ọ̀rẹ́ Táyà tó ń ké pé kó tẹ̀ ẹ́, jókòó síwájú. Awò dúdú rẹ̀ wà lójú rẹ̀ bí ìgbà gbogbo, ìbáà jẹ́ pé òjò ṣú. "Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ nìyí!" ló wí. "Jẹ́ kí a ṣe ìdánwò àṣekágbá tán, kí o wá gbé èyí wọ ilé-ìwé. Gbogbo àwọn tó ń pè ọ́ ní ọmọ Bàbá Ẹlẹ́sẹ̀-kan, wàá rí i bí wọ́n ṣe máa pa ẹnu dé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Táyà lára. Ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i.

Táyà ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Bàbá rẹ̀ ló fún un ní ìnagijẹ Táyà, torí pé láti kékeré ni kì í kúrò nídìí ọkọ̀ àjàgbé tí bàbá náà ń wà. Àmọ́ lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń já ẹrù, irin kan já lu bàbá, ó fọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, wọ́n sì gé e lókè orúnkún. "Ẹ ò ní lè wa àjàgbé mọ́," ni dókítà sọ. Láti ìgbà náà, ọwọ́ tó ń yí sítiárìn ńlá di ọwọ́ tó ń rán bọ́tìnnì. Aránṣọ ni ìyá Táyà, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán, bàbá sì ń jókòó tì í, ó ń bá a rán bọ́tìnnì mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwà nínú ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dà bí egbò tí gbogbo wọn ń rìn jìnnà sí.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ ìyá gbèrú. Ó di dandan kí wọ́n ní ọkọ̀ tí yóò máa kó aṣọ káàkiri, tí yóò sì máa gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn. Ìyá kò lè wakọ̀, ẹ̀rù rẹ̀ ń bà á. Ló bá ní, "Ọwọ́ tó máa di sítiárìn mú ni kó yan ọkọ̀." Gbàádánwò ní méjì tí apá wọn ká. Ọkọ̀ pupa náà ni àkọ́kọ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé inú ọgbà, ìyá ń dúró lábẹ́ òrùlé páànù pẹ̀lú àbúrò Táyà méjèèjì. Bàbá fara ti ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀. Ìyá wo ilẹ̀kùn méjì péré tí ọkọ̀ náà ní, ó bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo ẹ̀yìn.

"Táyà, níbo ni bàbá rẹ máa jókòó sí?"

"Iwájú ni, Màámi."

"Àwọn àbúrò rẹ ńkọ́? Àpò aṣọ ńkọ́?"

Àbíkẹ́yìn ló dáhùn. "Wọ́n á fi okùn dè wá mọ́ orí ẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi bàbá. "Jẹ́ kí ọmọ náà mú èyí tó wù ú," ló sọ fún ìyá. "Ẹrù ni èmi. Ibi tí wọ́n bá kó mi sí ni màá wà."

Ìyá nawọ́ sí ọkọ̀ kejì. "Kó dán èkejì wò ná," ló wí.

Èkejì fẹ̀, ó ga, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú. Ìlà ìjókòó mẹ́ta ló ní. Gíláàsì wò ó, ó yínmú. "Èyí? Búrẹ́dì lẹ fi táyà sí nídìí yìí. Ẹ máa lọ, mo ń dúró dè yín."

Bàbá gorí ìjókòó iwájú wẹ́rẹ́, torí ilẹ̀kùn náà fẹ̀. Ìyá àti àwọn ọmọ jókòó sáàárín. Gbàádánwò lọ sẹ́yìn pátápátá, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó mí kanlẹ̀. "Ẹ wò mí, mo tún ti di èèyàn."

Táyà tan ọkọ̀. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ wá kílọ́ọ̀ṣì, afẹ́fẹ́ ló tẹ̀.

"Ẹsẹ̀ òsì ò níṣẹ́ níbí!" Gbàádánwò ké sí i láti ẹ̀yìn. "Ọkọ̀ náà ló ń yí jíà fúnra ẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ló ń mú un sáré, òun náà ló ń dá a dúró. Fi òsì sílẹ̀ kó sinmi."

Táyà ò wa irú rẹ̀ rí. Wọ́n rọra jáde sí títì. Ọkọ̀ náà ò bú, kò fò, ó kàn ń yọ́ lọ jẹ́jẹ́. Bí wọ́n ṣe dé kọ̀rọ̀ kan, ọmọ kan gun kẹ̀kẹ́ yọ sí wọn lójijì. Táyà tẹ bíréèkì.

Gbì! Nǹkan dún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún bàbá ló tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí kòtò wà lójú títì, Táyà yọjú wo bàbá. Kí òun tó rí kòtò náà, ẹsẹ̀ bàbá ti ń tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tẹ bíréèkì, ojú rẹ̀ tẹjú mọ́ ọ̀nà, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì ń yí lórí itan. Bàbá ń wakọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú ọgbà ló ti ń wakọ̀. Táyà wo ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ tó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìṣe ohunkóhun, ó sì yé e pé bàbá lè wa èyí.

Nígbà tí wọ́n padà, ó fa Gíláàsì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sọ ohun tó rí fún un.

Gíláàsì yọ awò ojú rẹ̀. "O ti sọ fún wọn?"

"Rárá."

"Má sọ ọ́. Ṣé orí ẹ pé? Tí bàbá ẹ bá lè wa búrẹ́dì yẹn, òun ni wọ́n máa rà. Bàbá á máa wà á, ìwọ á máa jókòó lẹ́yìn pẹ̀lú àpò aṣọ. Tó o bá dákẹ́, tìẹ ni pupa. Ta ló máa mọ̀?"

Òótọ́ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Táyà bojú wo ọkọ̀ pupa náà bó ṣe ń dán nínú oòrùn, ó wù ú gan-an. Ẹ̀rù sì tún ń bà á. Bí ó bá sọ̀rọ̀ náà, tí bàbá gbìyànjú, tí kò sì ṣeé ṣe ńkọ́? Lójú gbogbo wọn?

"Táyà!" Ìyá ń pè é. "Èwo ni kí a mú?"

Gíláàsì fi ìgbọ̀nwọ́ gún un. Táyà rìn lọ bá bàbá rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó sídìí sítiárìn."

Ìyá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ojú bàbá le.

"Ṣé o fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni? Dókítà ti sọ̀rọ̀ tán."

"Ti àjàgbé ni dókítà sọ, Bàbá. Àwa la sọ ọ́ di gbogbo ọkọ̀. Èyí ò fẹ́ ẹsẹ̀ òsì. Mo rí yín. Gbogbo bíréèkì tí mo tẹ̀ lẹ bá mi tẹ̀."

Bàbá gbé ojú kúrò. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé irú wọn wà. Mo kàn rò pé ẹ̀rù ń bà yín láti jókòó sínú ọkọ̀ tí mo bá ń wà. Kò sẹ́ni tó ní kí n wakọ̀."

"Háà, Bàbá Táyà!" Omi ti lé sójú ìyá. "Mo rò pé tí mo bá dárúkọ ọkọ̀, màá ṣí egbò yín ni!"

Gbàádánwò wú ikọ́. "Bàbá, ilẹ̀ gbalasa wà lẹ́yìn ilé níbí, ọgbà yí i ká. Gbà á, dán an wò."

Bàbá bọ́ sídìí sítiárìn, Táyà sì jókòó tì í. Ó kọ́kọ́ burú. Bí bàbá ṣe mú ọkọ̀ kúrò, itan òsì rẹ̀ gbéra láti wá kílọ́ọ̀ṣì, ọkàn rẹ̀ dàrú, ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ sì ta gìrì, ó dúró. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀ láti sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí òsì sinmi, Bàbá," Táyà wí láti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Tèmi náà kọ́kọ́ wá kílọ́ọ̀ṣì."

Bàbá wò ó. Ẹ̀rín díẹ̀ yọ ní ètè rẹ̀. Ó fi ọ̀pá náà sílẹ̀, ó tún mú un kúrò.

Lẹ́ẹ̀kejì, ọkọ̀ náà yọ́. Ó lọ, ó bọ̀. Ó yí ilẹ̀ náà po. Ẹ̀yìn bàbá nà, èjìká rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ọkùnrin tí Táyà mọ̀ nígbà kékeré. Ó fẹ̀yìn rìn wọ àárín ọkọ̀ méjì tó fún mọ́ra, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló yí sítiárìn, ó sì wọlé gẹ́rẹ́. Gbàádánwò, tó ti dijú, wá lajú. Bàbá wá gbé ọwọ́ lé fèrè ọkọ̀, kò gbé e kúrò mọ́. Àwọn àbúrò ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, wọ́n ń pariwo, "Bàbá ń wakọ̀! Bàbá ń wakọ̀!" Ìyá sì ń jó láìsí ìlù.

Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú ni wọ́n rà. Gíláàsì bínú lọ ilé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì pẹ́ kó tó tún bá Táyà sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ra ọkọ̀ pupa. Ó dun Táyà díẹ̀ nígbà tó rí i lójú pópó, irọ́ kò sí níbẹ̀.

Ní ọ́fíìsì ìwakọ̀, wọ́n ní bàbá gbọ́dọ̀ tún ìdánwò ṣe nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Táyà tó ń kàwé fún ìdánwò tirẹ̀ ló ń bi í ní ìbéèrè lórí àmì ojú ọ̀nà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó dúró síta pẹ̀lú ìyá, kò lè jókòó. Ọkọ̀ náà lọ, ó sì padà dé. Obìnrin tó dán bàbá wò sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ sí i.

"Ẹ kú oríire, Bàbá. Ẹ yege."

Ìyá fò sókè. Táyà bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Bàbá ò sọ̀ kalẹ̀ ní tirẹ̀. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Kí lẹ tún ń dúró ṣe? Ẹ wọlé! Awakọ̀ yín ti dé."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ohun tí àgbà ń dù tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó, nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ọmọdé ló kù. Bí ẹ bá rí ohun tó lè gbé ẹlòmíràn dìde, ẹ má ṣe gbé e mì nítorí ohun tó ń dán lójú yín. Ẹ sọ ọ́. Ayọ̀ tí Táyà rí lọ́jọ́ náà, kò sí ọkọ̀ pupa tó lè gbé e.