Àwọ̀ Ojú Kúbúrá

Sàídì ń ṣe àlùwàlá láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, ó fọ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò ráyè fọ tòsì. Ó ṣubú sídìí ẹ̀rọ omi, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e jáde nínú agboolé wọn ní Beyerúnkà. Kò ṣàìsàn rí. Wọn ò tíì sin ín tán tí àwọn ará ilé ti ń wo Kúbúrá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, bí ẹni ń wo àjẹ́.

Ojú Kúbúrá gan-an ló fa wàhálà. Láàárín oṣù mélòó kan, ó ti dà bí aṣọ aró tó ṣá. Obìnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ta ọṣẹ tẹ́lẹ̀ kì í fẹ́ rí oòrùn mọ́. Ìgbà tí wọ́n bá kírun Màgríbù tán ló tó ń jáde, tòun ti ìborùn. Wọ́n ní ẹyẹ kan ń bà sórí páànù rẹ̀. Ẹyẹlé aládùúgbò ni o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Àwọn ìyá ọmọ ò jẹ́ kó gbé ọmọ wọn mọ́, ìyẹn sì dùn ún dé egungun. Nígbà tó yá, ẹ̀rù ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ba òun náà.

Àbúrò rẹ̀ kejì, Abdulmumin, ni olórí ilé. Ó ní kí Kúbúrá kó lọ sí abà bàbá wọn kí ìgbéyàwó Muslimat, ọmọ òun, tó dé, nítorí àwọn àna ń ṣe ìwádìí ìdílé lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀la tó máa lọ, oògùn ọkàn tó ń lò tán. Abdulmumin ti ní kó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa oògùn náà, ṣùgbọ́n kò lẹ́lòmíì, ló bá bẹ Muslimat kó sin òun lọ sọ́sibítù.

Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀. "Ṣé wọn ò ṣàlàyé fún yín ni, Màmá? Oògùn yìí máa ń yí àwọ̀ padà, pàápàá níbi tí oòrùn bá ti ń pa yín. Dókítà sọ ọ́ fún arákùnrin tó mú yín wá. Ó tún ní kí àwọn ọmọ ìyá yín wá yẹ ọkàn wọn wò."

Gẹ̀ẹ́sì ni dókítà sọ lọ́jọ́ náà, ṣáájú ikú Sàídì. Abdulmumin ló ṣe ògbufọ̀, gbólóhùn kan péré ló sì mú dé etí ẹ̀gbọ́n rẹ̀: kó máa sá fún oòrùn.

Nígbà tí wọ́n délé bi Abdulmumin, kò jiyàn.

"Muslimat, tìẹ ni mo rò. Àjẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni, a lè ní kó máa lọ. Tí wọ́n bá gbọ́ pé àrùn ọkàn wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ta ló máa fẹ́ ọ?"

Muslimat bú sẹ́kún. Ó ní òun fúnra òun ló máa sọ fún àwọn àna. Kúbúrá ò sunkún ní tiẹ̀, inú rẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá ẹkún.

"Mo wá bá ọ lẹ́yìn àdúrà fídáù Sàídì," ó ní. "Mo kúnlẹ̀, èmi ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo bi ọ́ bóyá èèyàn lè máa pààyàn láìmọ̀."

Abdulmumin ń wo ilẹ̀.

"O ní kí n lọ máa tọrọ àforíjì."