Amọ̀ Láti Ajégúnlẹ̀

Dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá ni Elkanah wá yá ní kíláàsì Nusirat, ló bá di pé kò lọ mọ́. Tíṣà Primary Five ni, Nusirat sì ń kọ́ Primary Four ní sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé kan ní Kétu. Eèrà ni àwọn ọmọ ń wò lọ́jọ́ náà. Elkanah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó títí.

"Aunty Nusirat, ojú yín ni eèrà yìí ń wò o. Mi ò sì dá a lẹ́bi."

Nusirat rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé pé ẹsẹ̀ eèrà ló ní kí àwọn ọmọ kà.

Ìfẹ́ wọlé wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n irọ́ kan bá a wọlé. Ilé Àǹtí Hàlímátù, àbúrò bàbá rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀, ni Nusirat sọ pé òun ń gbé. Ó jẹ́ kí Elkanah gbà pé Àǹtí àti ọkọ rẹ̀ ló bí òun. Ilé bàbá rẹ̀ gan-an wà ní Ajégúnlẹ̀ létí odò, níbi tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ń sá sí. Tipátipá ni ìyá Elkanah fi gbà kí ọmọ òun fẹ́ Mùsùlùmí. Ẹ̀rù ba Nusirat láti tún fi omi kún un.

Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, ilé Àǹtí ni wọ́n fi sí. Nusirat ò tíì sọ fún bàbá rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ ló kàn ní kíláàsì: yanrìn, ilẹ̀ ọlọ́ràá, amọ̀, èwo ló ń jẹ́ kí omi kọjá, èwo ló ń dá a dúró? Elkanah wá bá a dá ihò sí ìdí àwọn ike omi. Amọ̀ tí Nusirat gbẹ́ lẹ́yìnkùlé wọn ní Ajégúnlẹ̀ ló gbàgbé sílé. Ṣé ẹ mọ̀ pé Àmúsà, bàbá rẹ̀, ló gbé e wá? Ó yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà òjò tí ẹrẹ̀ bò, korobá lọ́wọ́.

"Ta ni bàbá yìí?" Elkanah béèrè.

"Bàbá tó máa ń bá wa wa amọ̀ ni."

Bàbá gbọ́. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ọkùnrin náà, ó gbé korobá sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Aunty, amọ̀ yín rèé. Ẹ kú iṣẹ́ o."

Bàbá tó bí i ló ń fi 'ẹ' bá a sọ̀rọ̀ bíi pé ó jù ú lọ. Ojú ti Nusirat. Ó da omi sórí amọ̀, omi dúró síbẹ̀, àwọn ọmọ pariwo, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó wà ní kékeré, ọrùn bàbá yìí ló máa ń gùn la omi kọjá lọ sílé ìwé, kí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ má bàa tutù.

Ó sáré jáde. Ẹnu géètì ló ti bá bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lójú àwọn ọlọ́kadà. Elkanah tẹ̀lé e.

"Elkanah, bàbá tó bí mi nìyí. Ajégúnlẹ̀ là ń gbé. Omi tó ń wọlé wa ló ń tì mí lójú, mo wá parọ́ fún ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Elkanah, ó hàn lójú rẹ̀.

"Omi kọ́ ló dùn mí, Nusirat."

Lẹ́yìn náà ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Daddy, ẹ má bínú. Ilé yín ni àwọn mummy mi ń bọ̀ ní Sátidé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Èmi ni màá sọ fún wọn."

"Omi lè wà nílẹ̀ o," bàbá wí. "Kí wọ́n má wọ bàtà tó dáa."

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀ tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Nusirat, ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá wà nílé lọ́jọ́ náà?"