Orúkọ Kẹtàlélógójì

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Ojú mi ló ṣe, etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Ọ̀gbẹ́ni Lorimer náà gbọ́ ọ, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí àmì kékeré kan ṣìnà lójú ìwé, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti irọ́.

Ọdún 1883 ni. Mò ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé kan ní Edinburgh, nínú yàrá kékeré kan tó wà lábẹ́ àjà tí wọ́n ń sá bébà tútù sí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ka ìwé tí wọ́n fọwọ́ kọ sókè ketekete, kí Ọ̀gbẹ́ni Lorimer máa fojú bá mi lọ lórí èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, kó máa fi tàdáwà pupa mú àṣìṣe. Ọdún méjìdínlógójì ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ó lè máa jẹ búrẹ́dì lọ́wọ́, kó ní lẹ́tà kan dorí kodò ní ìlà kẹtàdínlógún, ẹ ó sì bá a níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ń to lẹ́tà nísàlẹ̀ ń bẹ̀rù rẹ̀, Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Òfin kan ló ní. Ohun tí òǹkọ̀wé bá kọ, a kì í yí i padà. Ó ní tí òǹkọ̀wé bá kọ pé òkun gbẹ, ká tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ká ṣáà rí i pé lẹ́tà rẹ̀ pé.

Ní oṣù kọkànlá, wọ́n gbé ìròyìn iṣẹ́ ẹja pípa etíkun ìlà-oòrùn wá: iye àgbá ẹja ṣàwá, iye ọkọ̀, iye èèyàn tí òkun gbé lọ. Ojú ìwé kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti Portrannie, abúlé wa. Ẹni tó kọ ìròyìn náà ti wá sọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹrin, ó wọ ilé dé ilé. Ó kọ ọ́ pé kò sí odi tó ń dá ìgbì dúró níbẹ̀, pé láàárín ọdún mẹ́wàá, ọkùnrin mẹ́tàlélógójì ló kú sẹ́nu àpáta níṣojú àwọn ìyàwó wọn, pé kí ìjọba tètè kọ́ èbúté fún wọn. Ó to orúkọ àwọn òkú sísàlẹ̀. Àmọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n péré ló dé ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́tà kan láti ọ́fíìsì ìjọba tó ni ìròyìn náà tẹ̀ lé e: tí iye inú ọ̀rọ̀ àti iye orúkọ kò bá dọ́gba kó tó di aago mẹ́rin ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ká yọ Portrannie kúrò. Tí a bá sì yọ ọ́, èbúté ti di àlá nìyẹn.

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n," Ọ̀gbẹ́ni Lorimer wí. "Elspet, ṣé àwọn èèyàn yín ò mọ ìṣirò ni?"

"Wọ́n mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti fi tàdáwà pa á rẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní Portrannie, Mair ni gbogbo wa ń jẹ́. Orúkọ ìsàmì pàápàá kò ju mẹ́fà lọ. Nítorí náà, àlàjẹ́ la fi ń mọ ara wa. Láìsí àlàjẹ́, ẹni tó ń pín lẹ́tà ò lè mọ ẹni tó ni ín. Akọ̀wé kan ní ọ́fíìsì rí àwọn àlàjẹ́ yìí, ó ní kò yẹ ìwé ìjọba, ló bá fi tàdáwà bò wọ́n. Nígbà tó tún rí James Mair mẹ́rin tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ó rò pé àsọtúnsọ ni. Ó fi ẹyọ kan sílẹ̀, ó fa ìlà sórí mẹ́ta, ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn orúkọ mìíràn. Bàbá mi wà lára mẹ́ta yẹn. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun.

Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ìkùukù bo ìlú látàárọ̀. Ó funfun lójú fèrèsé, kò jẹ́ ká gbọ́ kẹ̀kẹ́ ẹṣin kankan. Aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀.

"Kọ́kọ́ kà á bó ṣe wà," Ọ̀gbẹ́ni Lorimer wí.

Mo bẹ̀rẹ̀. "Alexander Mair. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún."

Nǹkan rìn lórí àjà.

Mo gbójú sókè. Òun náà gbójú sókè.

"Ta ló wà lókè?"

"Kò sẹ́nì kankan, sà." Kọ́kọ́rọ́ àjà wà lórí ìṣó lẹ́yìn rẹ̀. Àwa méjèèjì wò ó.

"Máa kà á lọ."

"James Mair."

Bàtà ló dún. Bàtà ńlá, bàtà òkun, ó pọ̀. Gbogbo wọn gbé ẹsẹ̀ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì dúró. Omi kán láti àárín pákó, ó bọ́ sórí tábìlì wa. Mo fọwọ́ kàn án, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ni.

Mo mọ ìró yẹn. Bó ṣe máa ń rí létí omi nílé nìyẹn: ẹ pe James Mair, gbogbo wọn á jọ yíjú.

"Sà," mo wí jẹ́jẹ́, "wọn ò mọ ẹni tí mò ń pè."

Ẹlòmíràn ì bá ti fẹsẹ̀ fẹ. Ọ̀gbẹ́ni Lorimer fa bébà òfìfo kan sọ́dọ̀, ó ki kálámù bọ tàdáwà.

"Pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n nílé," ó ní. "Rọra pè wọ́n. Mo ń kọ ọ́."

"James Mair, Ìka-Méjì."

Bàtà ẹnì kan ṣoṣo gbéra. Ó la àjà kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó gba iwájú ilẹ̀kùn wa kọjá. Òórùn ọ̀dà àti ẹja wọlé, ó sì lọ.

"James Mair, Bíṣọ́ọ̀bù."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀?"

"Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, sà."

Ọ̀gbẹ́ni Lorimer rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lókè náà.

Mo pè wọ́n lọ bẹ́ẹ̀, àwọn Alexander, àwọn John, àwọn William. Àwọn tí tàdáwà ti bò mọ́lẹ̀ pátápátá, orí ni mo fi pè wọ́n. Mo wá kan ọ̀kan tí mo ti ń sún síwájú.

"James Mair," mo wí. "Asúfèé."

Bàbá mi súfèé nínú ọkọ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì nà án débi pé kò gbàgbé. Wọn kì í súfèé lójú òkun níbi tiwa. Bàtà rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn wa, ó dúró. Ọ̀gbẹ́ni Lorimer dìde, ó ṣí fìlà, ó kọjú sí ilẹ̀kùn bíi pé èèyàn pàtàkì ló dé. Ó pẹ́ díẹ̀ kí bàtà náà tó lọ. Mo sunkún, kò sì sọ pé kí n dákẹ́.

Nígbà tí a parí, ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Méjìlélógójì. Aago mẹ́ta ààbọ̀ ti lù.

Lókè, ẹnì kan yí ẹsẹ̀ padà.

"Ẹnì kan kù," ó wí. "Ta ni, Elspet?"

Mo mọ̀ ọ́n. James Mair kan péré ló kù ní Portrannie.

"Àbúrò mi ni, sà. Kò tíì kú. Ó wà lójú òkun láti ọjọ́ Ajé."

Ìjì jà lójú òkun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Èmi fúnra mi ni mo fún un ní àlàjẹ́ rẹ̀, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá. Orúkọ náà ti wà létè mi. Tí mo bá pè é, á di ọ̀kan lára wọn, àmọ́ iye á pé, a ó rí èbúté, ọmọ ẹlòmíràn ò ní kú mọ́. Bàtà náà ń sún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lókè, bí ẹni tí ìdúró ti sú.

"Má pè é," Ọ̀gbẹ́ni Lorimer wí.

Ó fa ọ̀rọ̀ òǹkọ̀wé sọ́dọ̀. Ó fi tàdáwà pupa fa ìlà sórí mẹ́tàlélógójì, ó kọ méjìlélógójì, ó kọ lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Sà, òfin yín ńkọ́?"

"Èmi ni mo ṣe é. Gbé e lọ sísàlẹ̀, aago ò dúró dè wá."

Nírọ̀lẹ́, bó ṣe wọ kóòtù tó ń lọ, bàtà náà sọ̀ kalẹ̀ látorí àjà, ó tẹ̀ lé e. Ọ̀gbẹ́ni Lorimer gbọ́ ọ. Ó kàn di ilẹ̀kùn mú díẹ̀ kó tó tì í, bí a ṣe ń ṣe fún ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Ìwé náà jáde, wọ́n sì kọ́ èbúté wa. Ọ́fíìsì rí i pé Ọ̀gbẹ́ni Lorimer yí iye padà, wọ́n ní kí wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kò sì sọ ìdí tó fi yí i padà fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń bọ̀wọ̀ fún un títí dòní.

Àbúrò mi gúnlẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ebi ń pa á, ara rẹ̀ le. Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún tuntun, mo fi àlàjẹ́ rẹ̀ pè é láti ẹnu ọ̀nà. Kò yíjú. Mo tún un pè.

"Ta lò ń pè?" ó bi mí.

Mo bi ìyá wa. Mo bi àwọn tó wà létí omi. Wọn ò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní James Ọmọ Asúfèé ni wọ́n ti ń pè é látilẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo rí Ọ̀gbẹ́ni Lorimer ní Leith, létí omi, ní ọ̀sán gangan. Ó ń dá nìkan rìn. Ó ń rọra lọ, ó fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ lápá òsì. Mo yára kí n lè kí i, mo sì sún mọ́ ọn tó láti gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó ń fi ẹni tí mi ò rí náà ṣe yẹ̀yẹ́ pé kò mọ ìwé kà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá fi orúkọ pè é.

Orúkọ tí mo fún àbúrò mi ni. Mi ò sọ orúkọ yẹn fún Ọ̀gbẹ́ni Lorimer rí.