Tìróò Tí Jìbírílù Lọ̀ fún Lábísí

Omi ń dà lójú Lábísí lọ́jọ́ tí Jìbírílù kọ́kọ́ rí i. Ọdún 1996 ni, ní àárín ìlú Ọ̀wọ̀, níbi tí Jìbírílù ti ń lọ tìróò tà bíi ti bàbá rẹ̀.

“Ta ló pa ọ́ lẹ́kún, arẹwà?”

“Tìróò tí mo rà lánàá ni o! Òkúta inú ẹ̀ pọ̀ ju ti ojú ọ̀nà Ìmórù lọ.”

“Kì í ṣe tèmi nìyẹn. Tèmi kì í ta ojú.”

Ó lé e fún un, kò sì ta á. Lábísí rẹ́rìn-ín, Jìbírílù sì gbàgbé láti gba owó.

Aránṣọ ni Lábísí. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan, Kúbúrá, ọmọ ọdún mẹ́rin, sílẹ̀ fún un. Kò pẹ́ tí Jìbírílù fi ń pè é ní ẹyinjú òun. Ọjọ́ méje ló fi lọ tìróò kan lórí ọlọ nítorí rẹ̀, ó fi aṣọ ṣẹ́dà jọ̀ ọ́, títí ó fi kúnná bí èéfín.

“Ìwọ àti Kúbúrá nìkan ni mo lọ̀ ọ́ fún.”

Láràárọ̀ ni Lábísí ń lé e fún ọmọ rẹ̀. Àwọn ẹbí gbà, wọ́n ní lẹ́yìn Iléyá ni wọn yóò so yìgì.

Àfi bí inú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í run Kúbúrá. Ó ń bì. Ó ń gbàgbé orúkọ àwọn tó mọ̀ dáadáa. Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, òjé ni wọ́n bá níbẹ̀. Lábísí mú Múrítàlá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, wá sí ìsọ̀.

“Òjé ló pọ̀ nínú òkúta tìróò,” ni Múrítàlá wí. “Bí a bá sì ti lọ nǹkan kúnná tó báyìí, ìwà rẹ̀ ń yí padà. Ibi tí èyí tó tóbi ò lè wọ̀, yóò wọ̀ ọ́. Lókè òkun, àwọn onímọ̀ ń wá bí wọ́n ṣe máa ṣe oògùn tó kéré ju èyí lọ, kó lè bá àrùn níbi tó sá pamọ́ sí. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni májèlé ń gbà wọlé.”

Jìbírílù wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rántí ọwọ́ bàbá rẹ̀, bó ṣe ń gbọ̀n títí tó fi kú. Ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n láàárọ̀.

Ìyá Jìbírílù, tó jókòó nínú ìsọ̀, fò dìde. “Bàbá rẹ̀ lọ̀ ọ́, bàbá bàbá rẹ̀ lọ̀ ọ́! Ojú ta ló fọ́?”

Àwọn oníbàárà ń wò. Jìbírílù la ẹnu, ó ní, “Lábísí, oúnjẹ tí o ń fún ọmọ rẹ ni kí o lọ yẹ̀ wò.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “Aránṣọ ti di dókítà!”

Lábísí gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, ó lọ.

Oṣù mọ́kànlá ni Jìbírílù ò fi kí i. Bó bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á yà gba ọ̀nà mìíràn. Ó ń sọ káàkiri pé obìnrin náà ba orúkọ ilé àwọn jẹ́. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn ò fi gbé aṣọ fún Lábísí rán mọ́.

Lẹ́yìn náà, àbúrò Jìbírílù bímọ. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ìyá wọn gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ti igi bọ inú ìgò tìróò. Jìbírílù ò mọ ìgbà tó fò kọjá lórí ẹní. Ó gbá ìgò náà dànù. Àdúrà dá mọ́ àfáà lẹ́nu.

“Jìbírílù! Ṣebí ọwọ́ rẹ ló lọ̀ ọ́?”

“Ìdí nìyẹn, Màámi. Ẹ má fi sí i lójú.”

Ojú tì í débi pé kò lè jókòó padà. Ohun tó ti fi pamọ́ láti oṣù mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí.

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sí Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀, níbi tí Lábísí kó lọ nígbà tí iṣẹ́ dá. Ẹnu ọ̀nà ló ti pàdé Kúbúrá.

“Ta ni yín?” ọmọ náà bi í.

Jìbírílù dọ̀bálẹ̀ níwájú Lábísí. “Mo jẹ̀bi. Mo ti sọ ọ́ fún wọn nílé. N kò ní lọ tìróò mọ́. N kò da èyí tó kù sódò nítorí àwọn tó ń mu omi ibẹ̀. Inú agolo ni mo dé e mọ́.”

“Ẹ dìde, Bọ̀dá Jìbírílù. Inú ò bí mi mọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ bi yín. Lọ́jọ́ tí a wá sí ìsọ̀ yín, ṣé ẹ rò pé irọ́ la pa ni? Bó bá jẹ́ pé ẹ ò mọ̀, màá di ẹrù mi lónìí, màá tẹ̀ lé yín.”

Jìbírílù wo ojú rẹ̀. Irọ́ kékeré kan péré ni yóò mú ìyá àtọmọ délé, ó sì dà bíi pé Lábísí fúnra rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ kó pa á.

“Mo mọ̀, Lábísí. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ti mọ̀.”

Lábísí ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tún un ká.

“Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́ fún mi,” ló wí. “Ẹ máa lọ, olólùfẹ́ mi.”

Kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Àwọn ọlọ́kadà ń pe Jìbírílù lójú ọ̀nà, kò dá wọn lóhùn. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Ọ̀wọ̀, ó sì ń wo ilẹ̀ títí ó fi délé.