Ẹ̀dà Tí Ẹnikẹ́ni Ò Tíì Kọ

Ẹ lè pè mí ní ẹlẹ́nu mímú, ara ilé mi náà ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n n kì í pa irọ́ iwin. Òkú tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀ ní láti tò sórí ìlà bíi ti gbogbo èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣojú mi, ní ojúmọmọ, ní Ìkẹjà, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ń ṣèjọba, tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé wọn, sì ti jẹ gbogbo wa kan eegun.

Àwa mẹ́ta la wà nínú yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù onítáyà, lẹ́yìn Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Wéè. Bọ̀ọ̀dá Job ni ọ̀gá wa, díákónì, ọmọ Èkìtì, tó máa ń wọ táì nínú ooru bí ẹni pé kọmíṣọ́nà ń bọ̀ wá kí i láti Aláúsá. Suara, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kì í wọ táì, kì í sì í fá irùngbọ̀n àfi tí ìyàwó rẹ̀ bá pariwo. Èmi Oyèníkẹ́ ló kù. À ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ó rẹ gbogbo wa. Iná kì í sí. Epo jẹnẹrétọ̀ kì í sí. Oorun gan-an ti di ọ̀wọ́n.

Bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ètò náà pín sí abala abala, gbogbo rẹ̀ sì wà nínú kọ̀ǹpútà ńlá kan ní kọ̀rọ̀. Sítọ́ọ̀ là ń pè é. Ẹni tó bá fẹ́ tún abala kan ṣe á gba ẹ̀dà rẹ̀ jáde, sítọ́ọ̀ á sì fi àgádágodo sí i lórúkọ rẹ̀. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí onítọ̀hún á fi dá a padà fúnra rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Job nìkan ló lè já àgádágodo, kì í sì í já a àfi tí èèyàn bá ti lọ tí kò ní padà wá mọ́. Ó di òfin yìí mú ju Òfin Mẹ́wàá lọ.

Tí a bá fẹ́ to àwọn abala pọ̀, òun ló máa ń kó ẹ̀dà wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀rọ mìíràn tó ń tò wọ́n. Lọ́jọ́ kan, àárẹ̀ mú un, ó kó ẹ̀dà àtijọ́ mọ́ tuntun. Ilé iṣẹ́ oníṣòó kan, àwọn tó ń rọ ìṣó, ní Ìlúpéjú bá san owó mánéjà fún maigádì wọn. Maigádì náà ò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Inú mi dùn fún un.

Ni Bọ̀ọ̀dá Job bá kọ ìlà díẹ̀ kún ẹ̀rọ tó ń bá wa to iṣẹ́ pọ̀. Tí iná bá ti dé láàárọ̀, kí ẹ̀rọ lọ sí sítọ́ọ̀ fúnra rẹ̀, kó gba ẹ̀dà tó tuntun jù lọ nínú abala kọ̀ọ̀kan, kó tò ó. Kó má dúró de ẹnikẹ́ni. Ó ní òun fẹ́ sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá Suara lórí ìdúró níwájú ẹ̀rọ. Ó nawọ́ sí ojú ẹ̀rọ nígbà tí mo kí i. Abala tirẹ̀, èyí tó ń ṣírò owó orí, tó ti ń bá fà á láti ọjọ́ pípẹ́, ti parí lójú ẹ̀rọ. Mo ní ó kú iṣẹ́.

“Mi ò tíì kọ ọ́,” ó wí.

A wo inú sítọ́ọ̀. Ààbọ̀ tó fi sílẹ̀ lánàá ló wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rọ gbà jáde ti pé, ọjọ́ tó sì wà lórí rẹ̀ ò tíì dé. Bọ̀ọ̀dá Job ní bátìrì aago kọ̀ǹpútà ló kú. Suara bínú, ó pa ojú ẹ̀rọ, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó kọ abala náà dópin láìwo ti ẹ̀rọ. Nígbà tó parí, a gbé méjèèjì síra wọn. Ìlà kan náà. Àṣìṣe kan náà. Ibi tó ti kọ ọ́ fún ara rẹ̀ pé ebi ń pa òun, ó wà níbẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kú. Mo gbọ́ bí a ṣe ń mí.

Ẹ má rò pé a sá. Ó ti rẹ̀ wá ju kí a sá lọ. Láràárọ̀ ni ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tí a ò tíì ṣe jáde, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ̀gbádùn rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Job ní ojúrere Ọlọ́run ni. Suara ń pẹ́ dé, ó ní òun ti ṣiṣẹ́ lọ́la, kí ni òun tún ń wá lónìí. Mo bú u ní ọ̀lẹ, mo sì sáré lọ wo tèmi.

Ó wá di ọjọ́ tí Suara máa gbé dísíkẹ́ẹ̀tì ibi tí a bá iṣẹ́ dé lọ fún àwọn oníṣòó, abala owó orí tó tún ń tún ṣe fún wọn ṣì kù. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ jáde. Orúkọ mi ló wà lórí abala Suara. Lábẹ́ rẹ̀, bí èmi ṣe máa ń kọ̀wé gẹ́lẹ́: Bọ̀ọ̀dá Job ti já àgádágodo Suara, mo gba iṣẹ́ rẹ̀.

Fáànù ń yí. Kò mú afẹ́fẹ́ wá.

Nígbà tí Suara dé, mo fi hàn án. Ó kà á, ó tún un kà. Mo ní kó dá ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà báyìí, kó má sí àgádágodo tí ẹnikẹ́ni máa já.

“Kò tíì pé.”

“Dá a padà bẹ́ẹ̀.”

Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́. Sítọ́ọ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní ẹ̀dà tó ń mú bọ̀ ti gbó, èyí tó tuntun jù ú lọ ti wà nílé. Mo wo inú sítọ́ọ̀. Kò sí nǹkan kan tó tuntun níbẹ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún un tẹ̀, títí ọwọ́ rẹ̀ fi dẹ̀.

Mo ní kó má lọ sí Ìlúpéjú. Ó rẹ́rìn-ín, ó bi mí bóyá kí òun sọ fún àwọn oníṣòó pé kọ̀ǹpútà ló ní kí òun má wá. Ó kó dísíkẹ́ẹ̀tì sápò.

“Jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀, Oyèníkẹ́. Ó ti rẹ̀ mí.”

Mo ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Pá, pá, pá. Ó dé àárín. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo sáré jáde. Àtẹ̀gùn ṣófo. Làsísì onítáyà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ìsàlẹ̀, táyà kan láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sí ọ̀nà míì. Mo bi í pé Suara gba ibo lọ.

“Suara wo? Kò séèyàn tó sọ̀ kalẹ̀.”

Àwọn oníṣòó ò rí i. A dé ọsibítù, a dé tẹ́ṣàn, níbi tí sájẹ́ǹtì ti bi wá bóyá ó ń bá àwọn olóṣèlú rìn. Ìyàwó rẹ̀, Sùlíyá, ń wá sí ọ́fíìsì ní àràárọ̀. Kì í sunkún. Á jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀, á máa wo ilẹ̀kùn.

Àwọn oníṣòó ń ránṣẹ́. Abala Suara ò pé, owó oṣù ò lè jáde. Bọ̀ọ̀dá Job fara dà á títí, lọ́jọ́ kan ó jókòó ti sítọ́ọ̀, ó ní òun fẹ́ já a, kí n gba iṣẹ́ náà. Sùlíyá wà níbẹ̀. Mo fi ọwọ́ bo bọ́tìnì mọ́ ọn lọ́wọ́.

“Tí ẹ bá já a, ẹ ti ní kò ní padà wá nìyẹn.”

Ó wò mí. Ó wo Sùlíyá. Ó tú táì rẹ̀, ó dìde. Àwọn oníṣòó gbé iṣẹ́ wọn fún ẹlòmíràn, gbogbo wa sì mọ̀ pé ọ́fíìsì náà ti ń kú lọ.

Ní ọjọ́ kejì, iná dé. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀. Èmi àti Sùlíyá la wà níbẹ̀. Orúkọ mi ò sí lórí abala náà mọ́. Ti Suara ló wà níbẹ̀, ìlà tuntun díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àṣìṣe rẹ̀. Mo wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Mo ní láti fi ìka ṣírò ọmọ ọdún mélòó tí màá jẹ́ nígbà náà. Ọjọ́ yẹn ò tíì dé bí mo ṣe ń kọ èyí.

Sùlíyá ò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ó mọ ọdún kà.

“Àǹtí, ṣé kí n máa dúró dè é?”

Mo tún ọjọ́ náà kà lójú ẹ̀rọ.

Mo ní kó máa dúró.